Wọ́n Ní Lemuel Ló Dúró

Inú ti ń bí mi kí n tó rí Lemuel rárá. Oṣù Kẹjọ ni, oòrùn Texas ń jó wa lórí, bàbá mi sì ti rán èmi àti kámẹ́rà gun orí pẹpẹ onígi gíga tó wà lẹ́yìn pápá láti aago méje àárọ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bàbá mi, Wendell Gentry, ni kóòṣì bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ girama Pinder. Tad, àbúrò mi, ló ń ju bọ́ọ̀lù. Èmi Corliss, tí mo ti jáde níléèwé lóṣù Karùn-ún, ni mo ṣì ń ya fídíò wọn, torí kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ tàbí n kò fẹ́.

Bọ́ọ̀lù tiwa kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀ o. Ọwọ́ la fi ń jù ú, ọwọ́ la fi ń hán an, ẹni tó bá sì gbé e dé òpin pápá ló jẹ.

Mo gbé ìgò mínírà pupa kan síbi ẹsẹ̀ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí n kò rí rí ń sáré bọ̀, ó gbójú sókè, ó ń wá bọ́ọ̀lù tí Tad jù kọjá orí rẹ̀, ó sì lọ fi èjìká gbá òpó pẹpẹ mi. Mínírà mi ṣubú, ó dà sí i lórí, ó ṣàn wọ inú akoto rẹ̀.

Mo bú u dáadáa. Mo ní ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni, àbí ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ pé òpó kì í yà fún èèyàn. Ó bọ́ akoto, ó nu ojú, ó wò mí lókè.

“Ẹ má bínú, mà,” ó wí. “Ìyá mi ti kú. Ìyá àgbà ló kù tó ń kọ́ mi.”

Ojú tì mí. Ìbínú mi sì tún le sí i, torí n kò fẹ́ràn kí ojú máa tì mí. Ẹgbẹ́ ni wá, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni àwa méjèèjì, ó wá ń pè mí ní mà. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, mo bá a níbi omi ẹ̀rọ, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, pé mínírà náà tiẹ̀ dùn.

Lemuel Broussard ni. Louisiana ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó pàdánù ọdún kan níléèwé, ó wá bá Màmá Ozella, ìyá ìyá rẹ̀, nílé kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Iṣẹ́ tirẹ̀ lórí pápá ni kó sáré jáde láti ẹ̀gbẹ́, kó lọ hán bọ́ọ̀lù tí Tad bá jù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé eré lásán ni. Kì í ṣe eré lásán. Ipa ni wọ́n ń tọ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kó yà sínú. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kó yí padà. Tàbí kó máa lọ gbọnrangandan títí dé igun pápá. Ẹni tó ń jù á ti ju bọ́ọ̀lù kí ẹni tó ń sá tó bojú wẹ̀yìn, torí náà, bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣi ipa, ọwọ́ ọ̀tá ni bọ́ọ̀lù ń lọ.

Lemuel ò ṣi ipa rí. Mo sọ ọ́, màá tún un sọ. Láti orí pẹpẹ mi, mo máa ń rí ètè rẹ̀ tó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Tad kì í dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́. Ó lẹ́wà, ó mọ̀ pé òun lẹ́wà, àwọn ọmọbìnrin sì ń dúró dè é nídìí ọkọ̀. Ni Lemuel bá bi mí bóyá mo lè máa ju bọ́ọ̀lù fún òun lẹ́yìn ilé Màmá Ozella, láàárín àwọn igi pecan. Mo lè jù ú o. Ọwọ́ mi le ju ti Tad lọ, bàbá mi mọ̀, kò kàn sọ ọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la ń ṣe é, títí koríko fi kú níbi tí Lemuel ti ń yà. Tó bá ti hán an, kò ní jù ú padà. Á rìn wá, á fi lé mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan lóṣù Kẹsàn-án, ó gbé e wá, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Fi sílẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú,” mo wí.

“Tí mo bá fi sílẹ̀, wàá lọ sílé.”

“Ṣé mi ò níi lọ sílé ni?”

“Àyànfẹ́ mi, lọ lọ́la.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè mí lọ́jọ́ náà, kò sì pè mí lórúkọ mìíràn mọ́ tí a bá wà ní àwa nìkan. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Ó ní yunifásítì kan ní Louisiana ti rí òun, pé wọ́n á fún òun ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lóṣù Kejì. Kò sí ọ̀nà mìíràn fún un. Màmá Ozella ń fọ ilé onílé, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lé ní àádọ́rin. Ó ní ọjọ́ tí òun bá gbàwé jáde ni òun máa wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi.

Bàbá mi gbọ́, kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún òun kì í jẹ́ àna òun. Màmá Ozella náà kò fẹ́ ẹ. Ó ní àwọn Gentry rò pé àwọn ló ni Pinder, pé omi tí wọ́n bá fi wẹsẹ̀, wọ́n á ní kí ará ìlú mu ún. Mo bínú sí i nígbà náà. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ìyá arúgbó ti rí ohun tí èmi ò tíì rí.

Bàbá mi ní òfin kan, ó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá ìmúra: Ohun tí ọwọ́ bá sọ ni kí ẹsẹ̀ ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí ipa kan bá ti wà nílẹ̀, tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù wá fi ọwọ́ ṣe àmì pé òun ti yí i padà, ẹni tó ń sá kò gbọdọ̀ jiyàn. Ó ti parí. Àṣà kan sì tún wà láàárín àwọn ọmọ náà fúnra wọn. Ẹni tó bá ṣi ipa á fi ọwọ́ lu àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ló jẹ̀bi, kí wọ́n má baà bú ẹni tó jù ú.

Oṣù Kọkànlá dé. Ìdíje ìpínlẹ̀ ni, ẹni tó bá pàdánù ti lọ sílé nìyẹn. Àwọn ará Pinder ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn, gbogbo wọn wá sí pápá. Ìṣẹ́jú kan ló kù, wọ́n fi àmì mẹ́rin jù wá lọ, àwa la ní bọ́ọ̀lù, apá ọ̀dọ̀ mi la sì ń bọ̀. Ipa gbọnrangandan ni wọ́n pè fún Lemuel. Mo ti dojú kámẹ́rà kọ wọ́n. Mo rí Tad tó wo ọ̀tá tó dúró jìnnà sí Lemuel, mo rí i tó gbé ọwọ́ òsì sókè, tó fi ìka kan etí akoto rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àmì nìyẹn: ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, yí padà. Lemuel mi orí.

Lemuel sá mẹ́wàá, ó yí, ó la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ariwo ti gba orí Tad, ó ti gbàgbé ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ sọ. Ó ju bọ́ọ̀lù lọ sí igun pápá níbi tí ẹnikẹ́ni wa ò sí. Ọ̀tá hán an, ó dọ̀bálẹ̀ lé e lórí, ó parí.

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú rí: Lemuel dúró, bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Lemuel kọjú sí àwọn èèyàn, ó lu àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i láti ojú kámẹ́rà, mo sì pariwo orúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ mi.

Kò sí èébú tó burú fún ẹni tó ń tọ ipa ju pé ó dúró lọ. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀lẹ ni, pé ó rẹ̀ ẹ́, pé ó ta ẹgbẹ́ rẹ̀. Nílé epo, nílé onígbàjámọ̀, wọ́n ní ọmọ Louisiana ló dúró. Àwọn aláìnírònú kan lọ hú àmì pupa tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró ní oríta, wọ́n sì gbìn ín sójú àgbàlá Màmá Ozella.

Ní àárọ̀ Sátidé, èmi àti bàbá mi jókòó wo fídíò náà bí a ti máa ń ṣe. Ó rí ọwọ́ Tad. Ó dá a padà, ó tún wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wò ó. Lẹ́yìn náà ló yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, kò sì tì í. Ó dá a lójú pé ọmọ òun ò lè fọwọ́ kàn án.

Mo rò pé ó ń ronú bí òun ṣe máa sọ ọ́ ni. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, fóònù dún, ọkùnrin tó ń wá ọmọ bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Louisiana yẹn ni. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí bàbá mi sọ pé, “Ọmọ dáadáa ni o, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó máa ń dúró.”

Orí mi gbóná. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo ní, “Dádì, ẹ̀yin náà rí ọwọ́ Tad.”

“Tad náà ń retí ìwé yunifásítì tirẹ̀,” ó wí. “Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.”

“Ìlẹ̀kẹ̀ Lemuel lẹ bọ́ sídìí Tad.”

“Corliss, lọ ran ìyá rẹ lọ́wọ́.”

Ìyá mi wà nídìí abọ́, abọ́ kan náà ló ń fọ̀ látìgbà tí fóònù ti dún. Kò gbójú sókè. Ó ní bọ́ọ̀lù lásán ni, kí n fi sílẹ̀. Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí ju ti bàbá mi lọ.

Mo lọ bá Lemuel. Ṣọ́bìrì ló mú lọ́wọ́, ó ń hú àmì pupa yẹn kúrò láàárín àwọn ewébẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi lu àyà, ṣé kò rí ọwọ́ Tad ni.

“Mo rí i kedere,” ó wí.

“Kí ló wá dé?”

“Àbúrò rẹ ni. Ilé yẹn ni mo ti fẹ́ wá mú ìyàwó. Ṣé kí n kọ́kọ́ dójú ti ilé kí n tó wọ̀ ọ́?”

Ẹ wo irú ọkùnrin yìí. Ó wù mí kí n dì mọ́ ọn, ó sì wù mí kí n gba ṣọ́bìrì náà kí n fi là á lórí. Mo ní ta ló bẹ̀ ẹ́? Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ orí fóònù fún un. Ó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì wà, pé màá mú un jáde. Ó ní rárá.

“Bàbá rẹ á sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́la, níwájú gbogbo wọn,” ó wí. “Mo mọ Kóòṣì. Ó máa sọ ọ́.”

Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn, pé ó gba bàbá mi gbọ́ ju èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ. Mo ní ṣé ìwọ kì í bínú ni? Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀, ó padà sídìí àmì náà.

Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ajé ni àwọn bàbá ìlú máa ń pé jọ sí yàrá oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á jẹ ẹja díndín, bàbá mi á fi fídíò hàn wọ́n, á ṣàlàyé. Èmi ni mo ń ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ náà, fídíò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ pápá ni bàbá mi ní kí n fi sí i, èyí tí kò fi ọwọ́ Tad hàn. Lemuel jókòó lẹ́yìn, ó wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹjú mọ́ bàbá mi. Fídíò náà dé ibẹ̀. Lemuel dúró, bọ́ọ̀lù kọjá. Ẹnì kan ní ó ń dúró de bọ́ọ̀sì ni, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín.

Mo wo bàbá mi. Gbogbo ara ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n á kọ́gbọ́n,” ó sì ní kí n sún fídíò síwájú.

N kò sún un. Mo yọ ọ́, mo mú kásẹ́ẹ̀tì inú dúrọ́ọ̀ tí mo ti kó sínú báàgì mi, mo fi sí i.

Ọwọ́ Tad gòkè. Ìka rẹ̀ kan etí akoto, lẹ́ẹ̀mejì. Lemuel mi orí. Mo dá fídíò náà dúró síbẹ̀. Bàbá Purvis, díákónì wa, gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

“Wendell,” ó wí, “ohun tí ọwọ́ bá sọ ńkọ́?”

Tad dìde, ó jáde. Bàbá mi lọ sídìí ògiri, ó fa wáyà iná yọ.

Mo sáré bá Lemuel níta, mo rò pé á dì mọ́ mi. Ìbínú ló wà lójú rẹ̀, èmi ló sì kọ ọ́ sí.

“Mo ní kó o má ṣe é.”

“Wọ́n ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín, Lemuel.”

“Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìwọ.”

Ó lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sí Louisiana. Ọkùnrin yẹn wò ó, ó pe Màmá Ozella lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni àwọn ti fún ọmọ mìíràn ní àyè náà. Ní ti Tad, yunifásítì tirẹ̀ mú un. Wọn ò tiẹ̀ bi bàbá mi léèrè nípa bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Wọn ò bèèrè. Kò sí ewu kankan lórí Tad látìbẹ̀rẹ̀. Lásán ni bàbá mi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Mo kó ẹrù mi kúrò nílé, mo gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù olódòdó, mo lọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa adìyẹ. Lemuel lọ síbi tí wọ́n ti ń la igi. Kò bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀. Tí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ara mi ò rọ̀, ara tirẹ̀ náà ò rọ̀. Kérésì kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan lóṣù Kejì, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọwọ́ sí ìwé yunifásítì, ó wá kan ilẹ̀kùn mi. Ìyẹ̀fun igi wà nínú irun rẹ̀.

“Àyànfẹ́ mi, mo ti bínú sí ẹ tán,” ó wí.

“Èmi ò tíì bínú sí ẹ tán.”

“Ó dáa. Jẹ́ kí n jókòó dè é.”

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lóòótọ́. Mo fi í síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan nínú òtútù, mo ń ti ojú fèrèsé wò ó. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ẹkún ni mo ń sun, mo sì ń bú u. Ó gbá mi mọ́ra, ó jẹ́ kí n bú òun tán.

Ọdún mẹ́ta ló gbà wá láti kó ara wa jọ. Oṣù Kẹfà la fi ìgbéyàwó sí, ní àgbàlá Màmá Ozella. Bàbá mi rán ìyá mi sí mi pé òun fẹ́ mú mi lọ́wọ́ lọ bá ọkọ mi, bí àwọn bàbá ṣe ń ṣe. N kò tíì wọ ilé rẹ̀ látìgbà yẹn. Mo ní kó wá, pé iṣẹ́ kan wà tó máa kọ́kọ́ ṣe.

Ó wá. Ó ti rù, ó sì di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ti jókòó. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú aṣọ funfun mi.

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?” ó wí.

“Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀, Dádì. Òun ni.”

Ó rìn kọjá láàárín gbogbo wọn lọ bá Lemuel níwájú. Mo tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ kéré.

“Lemuel, o ò dúró. Ohun tí wọ́n ní kó o ṣe lo ṣe. Mo mọ̀ láti àárọ̀ Sátidé ìgbà náà, mo sì parọ́ mọ́ ọ.”

Mo mọ Lemuel mi. Mo rò pé á ní kò burú, bó ti wí fún mi nídìí omi ẹ̀rọ, pé á dọwọ́ bo ọ̀rọ̀ náà kí ojú má baà ti àgbàlagbà. Ó wo bàbá mi títí.

“Ẹ ṣé, sà,” ó wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè. Etí Ìyá àgbà ti di.”

Irọ́ ni. Màmá Ozella ń gbọ́ tí èèrà bá ń rìn. Ó jókòó ní iwájú pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ ewé rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí etí, ó ń dúró.

Bàbá mi yíjú sí i, ó sì tún un sọ, sókè, débi pé Bàbá Purvis tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá Ozella mi orí lẹ́ẹ̀kan. Mo wo ojú ọkọ mi, mo rí i pé inú ti ń bí i láti ọdún mẹ́ta wá, ìbínú gidi, tó ga tó tèmi. N kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo na ọwọ́ sí bàbá mi, mo ní kó mú mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi, ìṣísẹ̀ méjì péré ló kù.